Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Èló lẹ máa gbà kí ẹ tó ṣe Jámánì?

Nínú eré Axis & Allies, ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da dáìsì. Larry Harris ló ṣe eré náà. Ilé-iṣẹ́ Milton Bradley ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láti 1984. Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tẹ́ sórí pátákó.

Ẹ wo owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dà ìgbà náà. Ní apá kan, Rọ́ṣíà ní 24, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 30, Amẹ́ríkà 36: 90 lápapọ̀. Ní apá kejì, Jámánì ní 32, Jàpáànì 25: 57 péré. Owó yìí la fi ń ra ọmọ ogun; sójà ẹlẹ́sẹ̀ kan, 3 ni. Bí eré bá ti pẹ́, owó ló máa ń borí.

Rọ́ṣíà ló tún ń kọ́kọ́ ta. Ó lè ya wọ Ukraine, kó pa ọmọ ogun Jámánì ibẹ̀ kí wọ́n tó mira. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo òfin àfikún: Rọ́ṣíà ò gbọdọ̀ kọlu ẹnikẹ́ni ní ìyípo àkọ́kọ́.

Àwọn mìíràn ní ìyẹn ò tó; ẹ jẹ́ ká dúnàádúrà.

“Ẹ fún mi ní 20 sí i, màá ṣe Jámánì àti Jàpáànì.”

“Èmi á gba 17.”

Ẹni tó bá dárúkọ iye tó kéré jù ló máa gba owó náà, tó sì máa ṣe Jámánì àti Jàpáànì. Gbáǹjo ni, àmọ́ ńṣe lowó ń wálẹ̀! Ìdúnàádúrà yìí lèmi fara mọ́, torí ẹnu ara ẹni la fi dá iye náà.

Ẹ ṣáà fẹnu kò kí ẹ tó da dáìsì.