Àgbàsìn àti Ìran Àgùntàn Ilẹ̀ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ẹni tó ń sin àgùntàn lónìí kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, kí ó mọ bí àwọn baba ńlá ṣe ń tọ́jú ìran ẹran ọ̀sìn, kí ó tó gbèrò ti ọ̀la.

Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ọlọ́sìn ló fi owó ra àgùntàn. Ẹni tó ní abo púpọ̀ a mú ọ̀kan fún ìbátan, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò láti bá a sìn. Èyí ni wọ́n ń pè ní àgbàsìn. Abo náà kò di ti ẹni tó gbà á. Ọmọ tó bá bí ni wọ́n jọ ń pín. Bí ó bá bí ìbejì, oníkálukú a mú ọ̀kan. Bí ó bá bí ẹyọ kan, wọn a dúró de oyún mìíràn. Bí ẹran náà bá kú, ẹni tó gbà á sìn kò gbọdọ̀ dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó ti pa á jẹ. Òtítọ́ ni òpó àṣà náà. Nípasẹ̀ rẹ̀, aláìní a di ọlọ́sìn; agbo ọlọ́rọ̀ a sì wà káàkiri agboolé, tó fi jẹ́ pé bí àrùn bá wọ ibì kan, kò ní pa gbogbo rẹ̀ tán.

Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ igbó ni wọ́n ń sìn báyìí. Irun rẹ̀ kò ṣeé hun. Àgbò rẹ̀ nìkan ló máa ń ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó ń wá irun tí a fi ń hun kùbùsù yóò rìn dé Màsínà ní orílẹ̀-èdè Mali, níbi tí àwọn Fúlàní ti ń rẹ́ irun àgùntàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹran kúkúrú yìí lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Yánkàsà funfun tó dúdú yí ojú ká, Údà tó dúdú tàbí tó pọ́n níwájú tó sì funfun lẹ́yìn, àti Bàlàmí gìrìwò ti ilẹ̀ Bọ̀nú, wọn kò ní irú ara líle bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí Ìléyá bá ń súnmọ́, ọkọ̀ a máa kó àgbò láti Òkè Ọya wá sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Títóbi wọn a wu ọlọ́sìn, a sì jẹ́ kí wọ́n gun abo tirẹ̀. Ọmọ wọn a tóbi lóòótọ́; ṣùgbọ́n bí àbùlà náà kò bá dẹ́kun, ara líle tí ìyá fi ń gbé inú igbó lè pòórá. Èyí tó tún burú ni pé àgbò ilé tó sanra jù ni ọlọ́sìn ń tà fún ọdún. Èyí tó rán ni yóò máa gun abo. Ẹni tó ta èbù iṣu tó dára, tó gbin èyí tó ti ń jẹrà, kí ni yóò wà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Bakewell (1725–1795) ti Dishley ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, ó ṣa àgbò tó dára jù, ó sì ń fi wọ́n háyà fún àwọn àgbẹ̀ fún sáà kan dípò kí ó tà wọ́n. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà sí àgbàsìn.

Ó yẹ kí ọlọ́sìn yan àgbò tí kò ní tà kí Ìléyá tó dé, kí ó tẹ àwọn yòókù lọ́dàá, kí ó bọ́ wọn fún alápatà. Oṣù márùn-ún ni oyún àgùntàn; kí àgbò má baà gun ọmọ tirẹ̀, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú abúlé mìíràn. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kátà fún un pẹ̀lú, àrùn tí àjọ FAO àti WOAH ti pinnu láti pa run kárí ayé kí ó tó di 2030. Bí ìjọba tó ní ọ́fíìsì ní Alágbàká bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, wọ́n lè fi ojúlówó àgbò fún àwọn abúlé lọ́nà àgbàsìn.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà tó mọ àgbàsìn ṣì wà láyé. Kí wọ́n má jẹ́ kí ìran àgùntàn yìí bàjẹ́ lójú wọn.