Bí A Ṣe Ń Bèèrè Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Fojú Rí

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ti wà ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tọ́jú kì í sábà sí nínú iyàrá tí wọ́n jókòó sí. Ó lè jẹ́ Cape Town ni ó wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Amazon ti ṣí ibùdó ńlá ní ọdún 2020. Ó lè jẹ́ Johannesburg, níbi tí Microsoft ti ṣí tirẹ̀ ní 2019. Ó sì lè jẹ́ Èkó níhìn-ín, níbi tí Amazon gbé ibùdó kékeré kan kalẹ̀ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lọ́sẹ̀ yìí ni bí ẹni tí ó wà ní Iléṣà ṣe lè mọ ipò tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wà, láì ṣèèṣì pa á run.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí a máa pín ẹ̀rọ ńlá kan sí ọ̀pọ̀, bí onílé ti ń pín ilé sí iyàrá fún àwọn ayálégbé, tí olúkúlùkù sì ní nọ́ḿbà àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Virtual machine ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan. Dọ́là ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀, àwa náà sì mọ ohun tí dọ́là dà láti oṣù kẹfà ọdún 2023.

Àwọn mìíràn a máa kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà wọn sínú ìwé, wọn a sì gbà pé ó parí. Kò parí. Ní Amazon, àdírẹ́sì ìta tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà a máa yí padà bí a bá pa á tí a sì tún tan án, àyàfi bí a bá ti gba èyí tí kì í yí. Àdírẹ́sì àtijọ́ lè di ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lè máa fi ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn oníbàárà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà àjèjì.

Nítorí èyí ni ó fi sàn kí a bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Terraform, tí ilé-iṣẹ́ HashiCorp gbé jáde ní 2014, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. OpenTofu, tí a yà láti ara rẹ̀ ní 2023, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A ó kọ ohun tí a ń fẹ́ sínú fáìlì, irinṣẹ́ náà yóò sì lọ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn nínú fáìlì náà. Ẹni tí ó bá kọ resource ń wí pé: “Èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà yìí, kọ́ ọ, tún un ṣe, bí mo bá sì yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò, wó o.” Ẹni tí ó bá kọ data ń wí pé: “Kọ̀ǹpútà yìí ti wà tẹ́lẹ̀, lọ wò ó, kí o sì jábọ̀ fún mi.” Bí ẹni tí ó lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ni èyí rí: yíyẹ̀ ẹ́ wò kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Àṣẹ terraform destroy, tí ń wó ohun gbogbo tí ó wà ní ìkáwọ́ Terraform, kì í kan kọ̀ǹpútà tí a kàn fi data bèèrè. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ yìí ju gbogbo ìyókù lọ níbi tí ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin bá ti jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan.

Fún ti Microsoft, azurerm_virtual_machine ni a ó kọ tẹ̀lé data; orúkọ kọ̀ǹpútà náà àti ti ẹgbẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò bèèrè, yóò sì sọ nọ́ḿbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ibi tí ó wà, àti àdírẹ́sì rẹ̀ nínú àti níta. Fún ti Amazon, aws_instance ni, a sì lè fi àmì tí a lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà náà wá a.

Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ṣe òṣómàáló láyé àtijọ́, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, mọ̀ pé bí Òjó mẹ́ta bá wà ní àdúgbò, a kì í kàn lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà èyí tí a kọ́kọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni aws_instance ṣe ń ṣe. Bí kọ̀ǹpútà tí àmì náà bá mu bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí kò bá sí rárá, yóò kọ̀ láti tẹ̀síwájú. Ẹni tí ó fẹ́ rí ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan a lo aws_instances, ṣùgbọ́n bí a kò bá pàṣẹ mìíràn, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni yóò mú wá. Kọ̀ǹpútà tí a pa kò ní í hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó dísìkì rẹ̀ ṣì ń gorí ara.

Bí a bá tẹ terraform plan, yóò tún lọ bèèrè lákọ̀tun. A rọ àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ tí ó lè wò nìkan: ní Microsoft, ipò Reader, ní Amazon, àṣẹ ec2:DescribeInstances. Ohun tí Terraform bá rí ni ó sì ń kọ sínú fáìlì tí à ń pè ní state, ní gbangba láì bò ó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fáìlì náà síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á.