Kí Ni Ìkókó Ń Sọ Nígbà Tó Bá Ń Ké?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ti ilé wá sí ilé-ìwé ni wọ́n máa ń gbé ọmọ lé lọ́wọ́ tí a bá ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù tán. Màmá fẹ́ sáré dé ọjà, ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ wẹ̀, wọ́n á ní, "Bá mi gbé e dání, mò ń bọ̀." Kò ní pẹ́ tí ìkókó á fi figbe ta. Ẹnì kan á ní ebi ni, ẹlòmíì á ní inú ló ń run ún, ìyá àgbà á ní òùngbẹ ni, kí a fún un lómi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí nìyẹn, torí tí a bá ṣi ẹkún gbọ́, a lè fi ohun tó máa pa ọmọ lára tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹkún ìkókó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ kan pàtó. Ní ọdún 2009, onímọ̀ kan ní Jámánì, Kathleen Wermke, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹkún ọmọ tuntun 60, ìdajì ọmọ Faransé, ìdajì ọmọ Jámánì. Ohùn ẹkún àwọn ọmọ Faransé sábà máa ń lọ sókè, ti àwọn ọmọ Jámánì sábà máa ń wálẹ̀, bí ohùn èdè òbí wọn ṣe rí. Àṣé láti inú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀! Síbẹ̀, ohùn yẹn kò lè sọ fún wa bóyá ebi ló ń pa á tàbí oorun ló ń kùn ún. Àfi ká wo aago, ká wo ara ọmọ, ká sì wo ohun tó ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ẹkún ebi: Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Tó bá ti tó bíi wákàtí méjì tó ti mu ọmú, ebi ló yẹ ká kọ́kọ́ rò. Kó tó ké rárá, á ti máa yí orí kiri, á máa lanu, á máa fi ọwọ́ sẹ́nu. Tí a bá ń wò ó dáadáa, a ti máa pe màmá rẹ̀ kí igbe tó sọ.

Ẹkún oorun: Ìkókó máa ń sùn tó wákàtí 14 sí 17 lójúmọ́. Tó bá ti lajú pẹ́ jù, tí ariwo tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì ń gbà á gbé, gbogbo rẹ̀ á sú u. Á máa yán, á máa gbójú kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a ṣeré. Ibi tó pa rọ́rọ́ ló ń fẹ́.

Ẹkún ara tí kò rọgbọ: Ẹ wo Pampers rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀; tó bá ń làágùn, ẹ dín aṣọ kù. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán, ẹ gbé e lé èjìká kó lè gùfẹ̀. Ṣùgbọ́n tí igbe bá ta lójijì, tó ròkè, tó gùn, tí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó tó tún ké, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa dùn ún. Ẹ tú aṣọ rẹ̀ wò, bóyá èèrà ló ń jẹ ẹ́ tàbí òwú ló wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹkún kan tún wà tí a ò ní rí ìdí rẹ̀. Ó sábà máa ń pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ó sì máa ń rọlẹ̀ ní oṣù 3 sí 4. Kì í ṣe pé ìyá ọmọ kò mọ ọmọ tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ omi wá ńkọ́? Ìfẹ́ ló ń mú àwọn àgbà sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ọmú ìyá, ó lé ní 80 nínú ìdá 100. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo. Omi máa ń kún ikùn ọmọ tí kò fi ní mu ọmú tó, tí kò bá sì mọ́, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹkún tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù lọ kì í ṣe èyí tó ń pariwo. Tí ọmọ tó máa ń ké dáadáa bá wá ń ké fínfín bí ẹni tí kò lókun, tàbí tí igbe rẹ̀ tín-ín-rín tó sì ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fura. Tó bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tó 38°C, tí gìrì mú un, tó ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tó jìn wọnú, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni.

Fún àwa tí wọ́n ń gbé ọmọ lé lọ́wọ́, tí ẹkún bá fẹ́ mú wa bínú, ẹ jẹ́ ká tẹ́ ọmọ sílẹ̀ gbalaja lórí ibi tí kò ti lè já bọ́, ká bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ká mí kanlẹ̀, ká pe àgbàlagbà. A kò gbọdọ̀ mì í jìgìjìgì láé. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì lè pa á. Ọmọ tó ń ké kò bá wa jà o. Kò tíì ní ẹnu míì tó lè fi sọ̀rọ̀ ni.