Ẹni Méjì Ni Kó Rin Ọ̀nà Ilé: Nípa Jíjáwọ́ Nínú Sìgá Lákòókò Kérésìmesì

 Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wá sí òkè Ọya àti sí àwọn ìlú mìíràn tó jìnnà sí ilé ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.  Ọ̀rọ̀ tí a bá yín sọ lórí rédíò ní oṣù kọkànlá yìí ni a tẹ̀ sí abẹ́ yìí, nítorí pé àwọn kan nínú yín bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn lè mú un dání bí wọ́n bá ń lọ sílé.

Télọ̀ kan wà nínú ìjọ wa tó fún wa láyè láti sọ ìtàn rẹ̀, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, gbogbo ìgbà tí Àdífẹ́ǹtì bá bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń jáwọ́ nínú sìgá. Fún ọdún mẹ́ta náà, gbogbo ìgbà tó bá ti ilé dé ní oṣù kìn-ín-ní ni páálí sìgá máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá bá wa, a sọ fún un pé kí ó gbàdúrà, kí ó sì ju sìgá nù. A súre fún un, a sì jẹ́ kí ó máa lọ. A kò bi í ní ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀, a kò sì bi í ní irú ẹni tó ń dúró dè é nílé. Lẹ́yìn ìgbà kẹta ni ó wò wá lójú, tó ní: “Fadá, kì í ṣe pé n kò gbàdúrà o. Ilé ni mo dé.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí a rí i pé àwa ni a kò ṣe iṣẹ́ wa tán. A ti rán ọkùnrin kan lọ sójú ogun ní òun nìkan. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn àti lọ́wọ́ àwọn tó ti jáwọ́, ohun tí a sì rí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Níkótìn ni orúkọ oògùn tó wà nínú ewé tábà tó ń sọ ọ́ di bárakú. Bí ènìyàn bá fa èéfín sínú, kì í pé ìṣẹ́jú kan kí níkótìn tó dé ọpọlọ, níbi tí ó ti ń fúnni ní ìtura díẹ̀. Ìtura náà kì í pẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ọwọ́ kò ní balẹ̀, inú á máa bí ènìyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, oorun kò ní wá dáadáa. Ẹni tó ń mu ún á wá sọ pé sìgá ló ń fi òun lọ́kàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àìbalẹ̀ ọkàn tí sìgá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni sìgá ń pa fún un; ó dà bí ẹni tó ń yáwó lọ́wọ́ olówó èlé láti fi san èlé olówó náà. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé bí ènìyàn bá jáwọ́ pátápátá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àníyàn rẹ̀ a máa kéré sí ti ìgbà tó ń mu ún.

Ìyà ara náà ní gbèdéke. Láàárín ọjọ́ kan ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló máa ń le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Ẹ wá fi kàlẹ́ńdà wò ó. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Àdífẹ́ǹtì kì í ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, kì í sì í kọjá ọjọ́ 3 oṣù kejìlá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, kí Kérésìmesì tó dé. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kejìlá, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni ó fi ṣe ọjọ́ ìjìyà. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ wa kò ṣe àṣìṣe yẹn. Àdífẹ́ǹtì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń borí òùngbẹ ara. Kí ló wá ń bì í ṣubú? Òùngbẹ kejì wà, èyí tí ọpọlọ ti so mọ́ ibi, mọ́ àkókò àti mọ́ ènìyàn. Abẹ́ igi máńgòrò tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fa sìgá nígbà èwe, igò bíà tútù lọ́wọ́ alẹ́, gáréèjì tí ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò jẹun: gbogbo wọn ló ní sìgá nínú. Bí ó bá ti rí wọn, òùngbẹ á dé bí ẹni pé àná ló jáwọ́. (Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 kà á léèwọ̀ láti máa ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dé gáréèjì kí ẹ wá sọ fún wa bóyá àwọn tó ń tà á ti gbọ́.)

Ẹ sì fi àníyàn ọdún kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìdálẹ̀ mọ ohun tí a ń wí. Owó ọkọ̀ ọdún kì í ṣe owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. A dé ilé, ẹ̀gbọ́n ń bèèrè ilé tí a kò tíì kọ́, àbúrò ń bèèrè owó ilé-ìwé, ìyá arúgbó kò bèèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó ń wo ẹ̀yìn wa bóyá ìyàwó ń bọ̀. Àga bàbá wà ní ààyè rẹ̀, bàbá kò sí mọ́. Láàárín gbogbo èyí, jíjáde lọ fa sìgá ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin mọ̀ láti fi kúrò lójú èrò fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. A ti wá gbà pé àyè láti mí ni púpọ̀ nínú wọn ń wá, tí sìgá sì ń ta á fún wọn ní ọ̀wọ́n. Àwọn ìyá tó ń lo aáṣáà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà.

Nínú Ìhìn Rere Máàkù, orí kejì, arọ kan wà tí ẹni mẹ́rin gbé wá, tí wọ́n sì dá òrùlé lu kí ó lè dé iwájú Jésù. Ẹ kíyè sí i pé ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e ni Olúwa wò, kì í ṣe ti arọ nìkan. Ẹgbẹ́ Lẹ́jíọ̀nì Màríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1921, kì í rán ọmọ ẹgbẹ́ jáde ní òun nìkan. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Ìlú Dublin kan náà ni Matt Talbot gbé, lébìrà tí ọtí ti fẹ́ẹ̀ pa láti ìgbà ọmọdé. Ní ọdún 1884 ó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àlùfáà pé òun kò ní mu ọtí fún oṣù mẹ́ta péré. Nígbà tí ó pé, ó fi oṣù mẹ́fà kún un, lẹ́yìn náà ó jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ayé. Ó fi tábà sílẹ̀ pẹ̀lú. Póòpù Paul Kẹfà pè é ní Ẹni-Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1975. Ohun tí a fẹ́ mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ́ kékeré ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ẹlòmíràn sì gbọ́ ọ.

Ta ni kí a wá mú gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì? A kò sọ pé ìyàwó kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá ń tú àpò ọkọ rẹ̀ wò kì í pẹ́ di ọlọ́pàá, ọkọ náà á sì di olè nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó ti jáwọ́ rí, tàbí ẹni tó ń jáwọ́ lọ́wọ́, ló sàn jù, nítorí kò ní yà á lẹ́nu, kò sì ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún kẹrin, a so télọ̀ wa pọ̀ mọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi sìgá sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti mu ún fún ogún ọdún ó lé. Kí télọ̀ tó wọ ọkọ̀, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì ka àwọn ibi tó ti máa ń ṣubú: gáréèjì, abẹ́ máńgòrò, alẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé aago méje alẹ́ ni yóò máa pe Bàbá Tíṣà lórí fóònù, yálà ó dára tàbí kò dára. Wọ́n wá ohun tí yóò máa wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan péré tí kò ní àlàyé nínú: “Mo ti fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín.” Bàbá fún un ní pákò méjì, ó ní kí ó máa rin ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ẹnu bá ń yún un.

Bàbá tún kìlọ̀ nípa obì, ohun tí àwa kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oògùn kaféènì wà nínú obì àti nínú kọfí. Èéfín sìgá a máa mú kí ara tètè lò ó tán. Nígbà tí sìgá bá kúrò, ìwọ̀n obì tí ènìyàn ń jẹ tẹ́lẹ̀ á wá máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, a ó sì rò pé àìmu sìgá ló fà á. Ẹ dín obì kù. Bákan náà, ikọ́ lè pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹ̀dọ̀fóró ti ń fọ ara rẹ̀ mọ́, ọyẹ́ á sì tún dá kún un. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, òùngbẹ dé bí wọ́n ti rò. Télọ̀ jáde, ó pe Bàbá, fóònù kò wọlé. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ó rántí pé Bàbá ti sọ pé òùngbẹ kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó bá a ṣẹ́ ẹ. Nígbà tó fi wo aago, ó ti kọjá. Ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó kàn ń dúpẹ́ pé ọmọ òun jókòó ti òun.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ọdún Tuntun, ó mu ẹyọ kan. A kò ní fi í pamọ́. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni, ìtìjú náà ló sì ń sọ ẹyọ kan di páálí. Ní aago méje, ó pè, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú, mo ti bà á jẹ́.” Bàbá kò bá a wí. Ó bi í pé: “Níbo lo wà báyìí? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Ṣé èyí tó kù wà lọ́wọ́ rẹ?” Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó dáa, ẹyọ kan ni. Pè mí lọ́la.” Ó pè é lọ́la. Ó di ọdún kejì báyìí, kò tíì mu òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò lè lọ sílé lọ́dún yìí, a kò gbàgbé yín. Sábóngàrí máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ti kó àwọn èèyàn lọ, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ní òùngbẹ tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹun ọdún yín nínú yàrá ní ẹ̀yin nìkan. Ẹni tí àyà ń dùn, aboyún, tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ kò bá fúyẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ rí dókítà. Àwọn oògùn wà tó lè mú òùngbẹ fúyẹ́, títí kan ṣingọ́ọ̀mù tó ní níkótìn nínú, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú lílò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Àdífẹ́ǹtì tí kò sì ní ẹnìkejì, kí ó dúró lẹ́yìn Mísà àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì katikísìtì. Kí ó mọ ọjọ́ tí yóò rin ìrìn-àjò, kí ó sì mú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wá. Bàbá Tíṣà àti télọ̀ wa á wà níbẹ̀.