Ìlú Singapore: Ọdún pọ̀ jọjọ, ìsinmi ni kò kárí

Bí ẹ bá gbọ́ pé ìlú kan wà tí ìjọba ti ń fún òṣìṣẹ́ nísinmi lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, lọ́jọ́ Kérésìmesì, lọ́jọ́ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, lọ́jọ́ Vesak ti ẹlẹ́sìn Búdà àti lọ́jọ́ Deepavali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹ má jiyàn. Singapore ni, nílẹ̀ Éṣíà, ìlú kan ṣoṣo tó tún jẹ́ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n ka àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ́dún 2020, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ onílùú, nǹkan bí 74 ló jẹ́ ẹ̀yà Ṣáínà, 13 lé díẹ̀ jẹ́ Malay, tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn, 9 sì jẹ́ ẹ̀yà Íńdíà.

Wọ́n máa ń kọ́ àṣà lára ara wọn. Tí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bá dé, àwọn tó ti ṣègbéyàwó a máa fi owó sínú àpò-ìwé pupa fún àwọn ọmọdé àti àwọn àpọ́n. Owó náà kì í jẹ́ mẹ́rin, torí pé bí wọ́n ṣe ń pe ẹẹ́rin lédè wọn jọ bí wọ́n ṣe ń pe ikú. Àṣà yìí wu àwọn Malay, ni wọ́n bá sọ ọ́ di tiwọn. Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, àpò-ìwé aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń há owó fáwọn ọmọ. Nínú oṣù keje kàlẹ́ńdà àwọn ará Ṣáínà ńkọ́? Wọ́n gbà pé àwọn òkú ń bẹ ayé wò, wọ́n á ṣeré orí ìtàgé ní gbangba, wọ́n á sì fi àga ìlà iwájú sílẹ̀ lófìfo. Àwọn òkú ló ni í o, alààyè kì í jókòó síbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe pé ìlú náà tòrò bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù keje ọdún 1964, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti ń wọ́de Máólúdì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Malay àti Ṣáínà, èèyàn 23 ló kú. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún náà. Lọ́dún 1970, báńgà ọdún tuntun pa èèyàn mẹ́fà, nígbà tó sì di 1972, ìjọba fòfin de báńgà pátápátá. Ká má baà sọ pé ọdún ò dùn mọ́, ni wọ́n ṣe dá ìwọ́de Chingay sílẹ̀ lọ́dún 1973.

Èyí tó ṣì ń dun àwọn kan ni ti ọdún 1968. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní òun máa kó sọ́jà òun kúrò, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà ní bárékè wọn. Ìjọba Singapore ní kí gbogbo ìlú tẹra mọ́ṣẹ́, ló bá gé ọjọ́ ìsinmi kù láti 16 sí 11. Àwọn Mùsùlùmí yọ̀ǹda Máólúdì. Àwọn Kristẹni yọ̀ǹda ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Méjì méjì ṣẹ́ kù fún wọn. Ní ti àwọn Híńdù, wọ́n ní kí wọ́n mú ẹyọ kan nínú Deepavali àti Thaipusam. Deepavali ni wọ́n mú.

Thaipusam yìí kì í sì í ṣe ọdún kékeré. Òòṣà Murugan ni wọ́n ń san ẹ̀jẹ́ fún. Àwọn mìíràn á fi irin gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ara wọn, wọ́n á gbé ẹrù tí wọ́n ń pè ní kavadi léjìká, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn láti tẹ́ńpìlì Sri Srinivasa Perumal títí dé èyí tó wà ní Tank Road. Ìrìn náà lé ní kìlómítà mẹ́ta. Lójú tèmi, ọdún tí wọ́n ń ṣe tọkàntara báyìí tó ohun tí à ń dákẹ́ iṣẹ́ fún.

Lọ́dún 2015, àwọn kan tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìsinmi náà padà. Èsì ìjọba ni pé táwọn bá fi kún ti ẹ̀sìn kan, àwọn yòókù náà á béèrè tiwọn. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣòroó já ní koro. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà kí wọ́n máa lùlù níbi mẹ́ta lójú ọ̀nà ìwọ́de náà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé kavadi lọ́jọ́ iṣẹ́, ó di dandan kó kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.