Irin Kọ́ọ̀kì: Bí Ọwọ́ Tó Ń Lo Ìbọn Ṣe Ń Tún Ìbọn Ṣe

Wọn kì í rọ ìbọn ní Ṣómólú. Ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, láti Ṣípéolú títí wọ Bàríga: kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, páálí ọṣẹ, pósítà àwọn olóṣèlú. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irin kékeré kan lára ìbọn fi pẹ́ kó tó bá ọwọ́ mu, kó lọ dúró ti ẹni tó ń gé bébà ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Irin tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ lè ti ṣẹ́ kó tó dé èbúté Apápá, tàbí kó kúrú jù fún ẹni tí yóò máa yí i láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ni wọ́n ń gbé e lọ. Tọ́nà á fi irin kún gígùn rẹ̀, á sọ orí rẹ̀ di roboto kó má baà máa bó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní Jámánì kò ní gbọ́ nípa rẹ̀ láéláé. Ẹni tí ọwọ́ ń ro ló sọ ohun tó ń fẹ́.

Ọ̀nà kan náà ni irin kọ́ọ̀kì ìbọn gbà dé ibi tó dé. Òun ni irin tí ológun máa ń fà sẹ́yìn kí ìbọn tó lè gbé ọta àkọ́kọ́ wọlé. Bó bá fà á tó sì jù ú sílẹ̀, sípíríǹgì á lé irin inú ìbọn padà síwájú, á sì ti ọta wọ ìdí ọ̀pá. Látìgbà náà lọ, ìbọn òde òní á máa fúnra rẹ̀ gbé ọta yòókù. Bí ọta bá há, irin yìí kan náà ni wọn á tún fà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, àmọ́ ojú ogun ni wọ́n ti ń ṣe é, nígbà tí òógùn àti ẹrẹ̀ bá wà lọ́wọ́, tí àyà sì ń já. Mo mọ̀ pé ní Bàríga, ẹkún ni orúkọ ìbọn ń mú wá sọ́kàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọmọ ogun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ṣakabùlà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọdẹ wa ṣì ń gbé e kọ́ èjìká. Òòlù kékeré tí àtàǹpàkò ń fà sẹ́yìn ni gbogbo ohun tó ní bíi irin kọ́ọ̀kì. Ẹnu ìbọn ni iṣẹ́ wà. Wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi nǹkan dí i, wọ́n á da ọta lé e, wọ́n á fi ọ̀pá kì í wọlé, wọn á tún wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkúta ìbọn yóò ti tanná. Ìdúró ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí dáadáa. Kódà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ dáadáa láti lo irú ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í sábà yìn ín ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jacob Snider ló bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ojútùú sí ìjáfara yìí. Dípò kí wọ́n da ìbọn Enfield tí wọ́n ti ní, tí wọ́n ń ki láti ẹnu, nù, ó ní kí wọ́n gé ìdí ọ̀pá rẹ̀, kí wọ́n fi irin kan dí i, èyí tó ń ṣí sí apá ọ̀tún bí ìlẹ̀kùn. Etí kékeré wà lára irin náà fún ọwọ́. Ológun á fi ṣí i, á fà á sẹ́yìn kó lè wọ́ èèpo ọta tí ó ti yìn jáde, á da ìbọn dojú dé kí èèpo náà bọ́ sílẹ̀, á fi ọta tuntun sí i, á sì pa á dé. Ní ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò sì lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Àléébù rẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn. Kò sí ohun gidi kan tó ti irin ìdí yẹn pa ní ti àkọ́kọ́ àti ìkejì tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n ṣe ẹ̀kẹta ni wọ́n fi ìkọ́ kékeré kan sí i, tí ọwọ́ ní láti tẹ̀ kí ó tó lè ṣí.

Ìbọn Snider yìí dé ilẹ̀ wa, ó sì yí ogun padà. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà ní nǹkan bí ọdún 1877 sí 1878, àwọn Ìbàdàn ló mọ ogun jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ṣakabùlà wọn. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn tó ń jagun lábẹ́ balógun wọn, Ògèdèǹgbé. Ìró àwọn ìbọn náà ni wọ́n ní ó bí orúkọ ogun ọ̀hún. Ẹni tó ní Snider lè dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkìtì kó sì máa rọ ọta. Ẹni tó ní ṣakabùlà gbọ́dọ̀ gbé ara sókè kó tó lè ki tirẹ̀. Ìbàdàn náà wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kiri nígbà tó yá. Kò sí ẹni tó borí pátápátá. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ogun ní ọdún 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, ọdún 1893 ni bùdó sì tó tú ká. Àwọn òpìtàn máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọba, àwọn balógun àti àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tó làjà. Èmi á fi etí irin tí ọwọ́ fi ń ṣí ìdí Snider kún wọn.

Martini-Henry ló rọ́pò Snider lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1871. Abẹ́ ìbọn ni wọ́n gbé irin rẹ̀ sí, sẹ́yìn ibi tí ìka ti ń yìn ín. Ológun á tì í wálẹ̀, ìdí ìbọn á sì ṣí. Ó yára ju Snider lọ, àmọ́ nígbà tí ooru bá mú, tí ọ̀pá náà sì ti gbóná, èèpo ọta a máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ní ogun Abu Klea ní Súdánì, ní oṣù kìíní ọdún 1885, ọta há mọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn nígbà tí ọ̀tá ti sún mọ́ wọn. Lára ohun tí wọ́n ṣe sí i nígbà tó yá ni pé wọ́n mú irin náà gùn sí i nínú èyí tí wọ́n pè ní Mark IV, kí ọwọ́ lè rí agbára tó tó láti wọ́ èèpo jáde. Tọ́nà Ṣómólú kì bá tí nílò ìwé kankan kó tó ṣe é.

Lee-Enfield tó dé lẹ́yìn náà, tí àwọn bàbá wa gbé lọ jagun ní Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin, ní irin lápá ọ̀tún tí wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n ń fà, tí wọ́n tún ń tì padà lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ó dára, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó ti ń yìnbọn ní gbogbo ìgbà.

Ìyẹn ni Dieudonné Saive yanjú ní Bẹ́ljíọ̀mù nígbà tó ṣe ìbọn FAL, tó jáde ní ọdún 1953. Èéfín ọta ló ń ti irin inú ìbọn yìí sẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ nílò láti fà á. Apá òsì ni ó gbé irin kọ́ọ̀kì sí: ọwọ́ òsì á fà á, ọwọ́ ọ̀tún kò ní yẹsẹ̀. Bí ìbọn bá sì ń dún, irin náà á dúró jẹ́ẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe tiwọn kó lè ká mọ́ ara ìbọn, kó má baà máa kọ́ igbó àti aṣọ. Ìbọn yìí wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun wa nínú ogun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà DICON ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, sì gba àṣẹ láti ṣe irú rẹ̀.

Ìbọn AK tó gbòde lẹ́yìn náà gba ọ̀nà mìíràn. Apá ọ̀tún ni irin rẹ̀ wà, ó sì so mọ́ irin inú ìbọn gan-an, débi pé bí ọta bá ṣe ń jáde ló ń lọ tó ń bọ̀. Ológun gbọ́dọ̀ yọ ọwọ́ ọ̀tún tàbí kó na ọwọ́ òsì kọjá kó tó lè fà á. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tẹ irin náà sókè nínú Galil tiwọn, kí ọwọ́ méjèèjì lè dé e. Ṣùgbọ́n AK ní ohun kan tí FAL kò ní: bí irin inú rẹ̀ kò bá pa dé nítorí erùpẹ̀, ọwọ́ lè tì í wọlé. Tí ẹ bá bi mí, ti FAL rọ ọwọ́ lọ́rùn ju ti AK lọ. Síbẹ̀, àwòṣe AK ni DICON fi ṣe OBJ-006, tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pè ní ọdún 2006.

Ìtàn irin kọ́ọ̀kì tí wọ́n tún ṣe jù ni ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Eugene Stoner ṣe AR-10 ní àárín àwọn ọdún 1950, orí ìbọn, lábẹ́ ibi tí wọ́n fi ń gbé e, ni ó fi irin náà sí. Kò gbà jù pé kí wọ́n yìn ín púpọ̀, á gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n bá gbé e lọ sẹ́yìn, ó di irin onígun méjì tí ìka méjì ń fà, bó ṣe wà dòní lórí M16 tó ti ara AR-10 jáde. Àléébù mìíràn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Irin náà kò so mọ́ irin inú, nítorí náà kò lè tì í wọlé. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní àfi kí wọ́n fi bọ́tìnì kan sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn fún ìyẹn. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní àwọn kò nílò rẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi ṣe ìbọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni awò ìfojúsùn dé sórí ìbọn, ó sì dí ìka lọ́nà. Apá òsì nìkan ni ìkọ́ irin kọ́ọ̀kì náà wà, ó ń ni àwọn ọlọ́wọ́ òsì lára. Bí wọ́n bá tún fi ohun tó ń pa ìró ìbọn sí i lẹ́nu, èéfín á máa gba ẹ̀yìn irin náà jáde sí ojú ẹni tó ń yìn ín. Irin kọ́ọ̀kì tó wà lọ́jà níbẹ̀ lónìí ní ìkọ́ tó tóbi ní apá méjèèjì, òmíràn sì ní ìgbátí kékeré tó ń darí èéfín kúrò lójú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń lo ìbọn náà ló ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wa wò. Òfin ìbọn Nàìjíríà tó wà láti ọdún 1959 kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ìbọn láìgba àṣẹ, kò sì yẹ kí ó fún un. Àmọ́ òfin DICON tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2023 ti fàyè gba kí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni bá DICON ṣiṣẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí. Yunifásítì Èkó wà ní Akọ́kà, ní ìdojúkọ Bàríga; àwọn tọ́nà tó ń gé irin sí ìwọ̀n wà ní Ṣómólú. Kí DICON bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun tó wà ní Bọ̀rnó, kó bi wọ́n léèrè ibi tí irin ìbọn wọn ti ń há àti ibi tó ti ń bó wọn lọ́wọ́, kó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kó tó gbé àwòrán ìbọn mìíràn jáde.