Rammstein ti Berlin: Àwọn Olórin tí Ń Fi Iná Ṣeré

Industrial metal ni orúkọ tí a ń pe irú orin tí ẹgbẹ́ Rammstein ti orílẹ̀-èdè Jámánì ń kọ, èyí tí í ṣe ẹ̀ka orin rọ́ọ̀kì tí gìtá oníná rẹ̀ máa ń dún kíkankíkan, tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà láìyẹ̀, tí a sì ń fi kọ̀ǹpútà àti dùùrù oníná da ìró irin àti ti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin wọn, síbẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè náà rárá ti kún pápá ìṣeré ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò láti wò wọ́n.

Ìlú Berlin ni a ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1994, àwọn mẹ́fà tí ó sì ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1995 kò tíì yí padà: Till Lindemann ni ó ń kọrin, Richard Kruspe, Paul Landers àti Oliver Riedel ń ta gìtá, Christoph Schneider ń lùlù, Christian Lorenz tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Flake sì ń tẹ dùùrù. Jámánì Ìlà-Oòrùn, ìyẹn apá tí ìjọba Kọ́múníìstì ṣàkóso títí di 1990, ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ lóye àfojúdi wọn lórí ìtàgé gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba náà, olórin kò lè ṣeré gba owó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣeré níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò fún un ní ìwé àṣẹ, tí yóò sì pinnu iye tí ó lè gbà. Landers àti Flake ti wà nínú Feeling B, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì, ìyẹn orin oníjàgídíjàgan tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń tako aláṣẹ, Kruspe ní tirẹ̀ sì sá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn ní 1989 kí odi tí ó pín Berlin sí méjì tó ṣí. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí ó ti tọrọ àyè kí wọ́n tó lè ta gìtá kò tún fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Inú ìjàǹbá iná ni orúkọ wọn ti wá. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, 1988, àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun Ítálì kọlu ara wọn níbi àfihàn kan ní ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Ramstein, ènìyàn 70 sì kú. Nígbà kan rí, bí Lindemann bá ń kọ orin tí wọ́n ṣe nípa ìjàǹbá náà, ẹ̀wù tí iná ń jó ni ó máa ń wọ̀. Nínú orin Engel, ó ti gbé ìyẹ́ irin ńlá kọ́ ẹ̀yìn rí, tí iná ń tú jáde lára rẹ̀. Nínú Mein Teil, tí a kọ nítorí ọ̀ràn ọkùnrin ará Jámánì kan tí ó pa ènìyàn tí ó sì jẹ ẹran ara ẹni náà, Lindemann máa ń múra bí alásè tí ẹ̀jẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa tu iná sábẹ́ ìkòkò ràgàjì tí Flake wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé wèrè lásán ni èyí kò tíì wo iṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀. Ní 1996, níbi eré kan ní Berlin, apá kan nínú ohun ọ̀ṣọ́ ìtàgé tí ó gbiná já lulẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ iná lé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ́wọ́, tí Lindemann fúnra rẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ náà títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Yàtọ̀ sí iná ẹnu ẹlẹ́gùn Ṣàngó, tí a gbà pé òrìṣà ni ó ni ín, gáàsì àti ẹ̀tù tí a fi ìṣirò tàn ni tiwọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọlá iṣẹ́ wọn wà.

Àfojúdi náà ti fa ẹjọ́. Ní 1999, ní ìlú Worcester ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá mú Lindemann àti Flake nítorí eré tí wọ́n fi ṣe àfarawé ìbálòpọ̀ lórí ìtàgé. Ní 2009, àjọ ìjọba Jámánì tí ń dáàbò bo àwọn ọmọdé kéde pé a kò gbọdọ̀ ta àwo wọn tuntun fún èwe, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan ní Cologne dá ìpinnu náà dúró ní 2010. Ọ̀rọ̀ ti 2023 kì í ṣe ti eré: àwọn obìnrin kan fẹ̀sùn kan Lindemann nípa ìwà rẹ̀ sí wọn, kò gbà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Berlin sì pa ìwádìí náà tì nítorí pé ẹ̀rí kò tó.

Èyí tí ó dùn wọ́n jù ni ìfura pé wọ́n ń ṣe ti Násì, nítorí ìlù wọn tí ó jọ ti ológun àti fídíò 1998 kan tí wọ́n fi àwòrán láti inú fíìmù Leni Riefenstahl ṣe, obìnrin tí ó ṣe fíìmù fún ìjọba Hitler. Orin Links 2 3 4 ti 2001 ni wọ́n fi fèsì pé apá òsì, ìyẹn ìhà òṣèlú tí ó tako ti Násì, ni ọkàn àwọn wà. Ní 2019, kí orin Deutschland tó jáde, wọ́n gbé fídíò ṣókí kan síta níbi tí wọ́n ti wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ ikú àwọn Násì tí okùn sì wà lọ́rùn wọn, àwọn aṣáájú Júù sì bínú pẹ̀lú ẹ̀tọ́, nítorí kò yẹ kí a fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ polówó orin. Fídíò orin náà fúnra rẹ̀ jinlẹ̀ ju ìpolówó rẹ̀ lọ: Ruby Commey, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Jámánì, ni ó ṣe Germania, obìnrin tí ó dúró fún orílẹ̀-èdè náà, ó sì la gbogbo ìtàn rẹ̀ já láti ayé Róòmù, nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ògo, bí orin náà ti ń sọ ìfẹ́ tí kò lè ya ara rẹ̀ kúrò lára ìkórìíra.